Ìlú Ń Fẹ̀, Ilẹ̀ Kò Lè Fẹ̀ Sí I: Ẹ̀kọ́ Tí Àgbẹ̀ Ìbàràpá Lè Rí Kọ́ Lára Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì

 

Nínú ìwé wa yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn la sábà máa ń bá yín sọ: ìgbà tó yẹ ká gbin ẹ̀gúsí, bí a ṣe ń da ajílẹ̀ sí àgbàdo, bí a ṣe ń mọ igi ẹ̀gẹ́ tó dára. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí gbogbo ọ̀gbìn náà dúró lé lórí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, ìyẹn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kan ti ń wọ́pọ̀ níbi ìpàdé àgbẹ̀: "Ẹ̀yin Agíríìkì, àwọn èèyàn ń ti ìlú ńlá wá bá wa ra éékà. Ṣé ká tà á ni, àbí ká má tà á?"

Ìbéèrè gidi ni. Kì í ṣe èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká fi ibì kan hàn yín tí irú ìbéèrè yìí ti dé ṣáájú tiwa, kí ẹ rí ibi tó já sí, kí ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti èrò tó ń pọ̀, àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ní etí òkun Èkó ló ṣíwájú wa.

BÍ ÌBẸ̀JÚ-LẸ́KÌ ṢE RÍ TẸ́LẸ̀

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì jẹ́ ilẹ̀ tóóró kan tó gùn gbọọrọ láàárín òkun àti ọ̀sà, bí èèyàn bá ti kọjá Ajah tó ń lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn níbẹ̀ ni ẹja pípa, àgbọn gbígbìn, àti oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n ń dá, bíi tiwa. Olórí ẹbí ló ń pín in. Ẹnu àgbà ni ìwé wọn; igi àti odò ni ààlà.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ wọn jìnnà sí tiwa, ẹ wo èyí. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, nǹkan bí 117,000 èèyàn ni wọ́n kà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Ní ọdún kan náà, nǹkan bí 118,000 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìbàràpá, ìyẹn Èrúwà àti Lánlátẹ̀ pẹ̀lú àwọn abúlé wọn. Lọ́dún tí wọ́n kà wá yẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwa méjèèjì gbà láti ìgbà náà kò jọ ara wọn rárá.

KÍ LÓ KÓ ÈRÒ DÉ IBẸ̀?

Ọ̀nà méjì ni èèyàn fi ń pọ̀ níbì kan. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ọmọ tí wọ́n ń bí pọ̀ ju òkú tí wọ́n ń sin lọ. Ọ̀nà kejì ni pé kí àwọn tó ń kó wọlé pọ̀ ju àwọn tó ń kó jáde lọ. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ ní Èkó.

Nígbà ìkànìyàn ọdún 1991, iye èèyàn tí wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7. Nígbà tó fi di 2006, ó ti di mílíọ̀nù 9. Ìjọba Èkó kò tilẹ̀ gba iye yẹn. Wọ́n ní nínú èyí tí àwọn fúnra àwọn kà lọ́dún náà, èèyàn lé ní mílíọ̀nù 17. Iye tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ mú, ibì kan náà ni wọ́n forí lé: èrò ń wọ Èkó láti gbogbo ìpínlẹ̀, a sì mọ̀ pé ọmọ Ìbàràpá wà nínú wọn. Ilẹ̀ Èkó sì kéré. Òun ni ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù ní Nàìjíríà, omi sì tún gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Tí ìkòkò bá kún, àkúnwọ́sílẹ̀ ló kù. Àkúnwọ́sílẹ̀ Èkó gba ọ̀nà ìlà oòrùn lọ. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ láti Erékùṣù Victoria lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màròkó, tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn, nínú Etí-Ọ̀sà. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ilé wọn. Ibi tí àwọn tálákà ń gbé tẹ́lẹ̀ wá di ilẹ̀ olówó gegere. Bí Etí-Ọ̀sà ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá ilẹ̀ ń kọjá Ajah, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko àti eré àgbọn àwọn ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn iṣẹ́ ńláńlá dé. Ní ọdún 2006, ìjọba Èkó pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kì. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un tó nǹkan bíi hẹ́kítà 16,500. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí éékà tí a mọ̀: ó lé ní 40,000 éékà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí agbára rẹ̀ jẹ́ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́. Ilé ìfọpo yẹn àti àyíká rẹ̀ nìkan gba hẹ́kítà 2,635. Tí a bá ní kí ẹbí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá hẹ́kítà 2, ilẹ̀ náà á tó fún ẹbí tó lé ní 1,300.

A ò sọ pé àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò dára. Orílẹ̀-èdè nílò epo, ó nílò èbúté. Ohun tí à ń sọ ni pé orí oko ẹnì kan ni wọ́n ti ṣe wọ́n.

KÍ NI ÀWỌN ONÍLẸ̀ RÍ NÍNÚ RẸ̀?

Wọ́n rí ọ̀nà tó dára. Àwọn kan rí iṣẹ́. Ọjà súnmọ́ wọn, àwọn tó ní ilé sì rí ayálégbé. Àwọn tó mú sùúrù tà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́lé tàbí kọ́ ọmọ níṣẹ́, jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni ilẹ̀ gbà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n dáadáa, nítorí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ló ṣí sílẹ̀ sí tiwa.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ìjọba bá gba ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, pé ó di í mú fún ànfààní gbogbo ará ìlú. Òfin náà gbà pé àgbẹ̀ tó ti ń dá oko lórí ilẹ̀ kan ṣáájú 1978 ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá fẹ́ lo ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú, ó lè gbà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀ nìyí: nígbà tí ìjọba bá fẹ́ san owó gbà-má-bínú, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó rẹ̀, ìyẹn ilé, irè oko, igi eléso àti ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ yín ṣe síbẹ̀. Òfin kò ní kí wọ́n sanwó ilẹ̀ lásán gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe ń tà á. Ẹni tí igbó dídì ló wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀ lè rò pé ọlọ́rọ̀ lòun, kó sì gba owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tó gbin kajú, ọ̀pẹ tàbí máńgòrò tó sì lè fi ẹ̀rí hàn, ó ní ohun tó máa kà fún wọn.

Ní agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kì, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn abúlé ní ọdún 2007, lórí owó gbà-má-bínú, ibi tí wọ́n máa kó wọn sí, àti iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ẹjọ́ àti ẹ̀hónú kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ẹ̀hónú àwọn ará abúlé kan di rògbòdìyàn, ẹ̀mí sì sọnù, ẹ̀mí ọ̀gá kan nínú ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó agbègbè náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti dé ibi ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹni tó jèrè.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ bá gbà wọlé. Wọn kì í bá àgbẹ̀ na pulọ́ọ̀tì; éékà ni wọ́n ń rà. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120, mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú éékà kan. Nínú hẹ́kítà kan, ó jẹ́ 15. Ẹni tó ra éékà kan lọ́wọ́ yín á yọ ọ̀nà kúrò, á gé èyí tó kù sí pulọ́ọ̀tì márùn-ún, á wá tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Iye tó bá ta pulọ́ọ̀tì kan lè ju gbogbo ohun tó san fún yín lórí éékà lọ. Kò jalè o. Ìmọ̀ ló fi jù yín lọ.

Ọ̀nà kẹta, inú ilé ló ti ń wá. Ẹnì kan nínú ẹbí á dá nìkan tà. Ọmọ ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀, òun náà á ta ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíràn. Àwọn tí a ń pè ní ọmọ onílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ yìí burú ní Èkó débi pé ní ọdún 2016, ìjọba ṣe òfin pàtó tó fi ẹ̀wọ̀n sí i fún ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ tàbí tó ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn tó pàdánù jù níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àgbẹ̀ àti apẹja bíi tiwa ni wọ́n. Wọn kò ní ìwọ̀n, wọn kò ní àkọsílẹ̀, ẹbí kò sì fohùn ṣọ̀kan kí àlejò tó dé.

ṢÉ ÒKUN LÓ WÀ NÍ ÌBÀRÀPÁ NI?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àwa kò sí létí òkun. Ta ló máa kọ́ èbúté sí Igbó-Ọrà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà ṣe ń kúrú. Láti Igbó-Ọrà dé Èkó jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà bí ẹyẹ bá ń fò lọ tààrà. Abẹ́òkúta jẹ́ aládùúgbò wa. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ rà mọ́ ní Ajah yóò wò lọ sí Ẹ̀pẹ́; ẹni tí Ṣàgámù ti wọ́n fún yóò wò lọ sí Abẹ́òkúta; ẹ̀yìn Abẹ́òkúta sì nìyí. Àwọn tó ń wá éékà kiri lọ́dọ̀ wa kò ṣèèṣì gba ibí.

Èyí tó tún yẹ ká fiyè sí jù ni pé àwa náà ń pọ̀ láti inú ilé wa, kódà bí àlejò kankan kò bá wá. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aláboyún àti omi tó dára ti ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ là. A dúpẹ́ fún èyí. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ wá sí ìlú ìbejì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yè máa jẹun, ó sì máa bèèrè ilẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ gbọ́ ìṣirò kan. Abúlé tí èèyàn rẹ̀ bá ń fi 3 kún 100 lọ́dọọdún, nǹkan bí ọdún 24 ló máa fi di ìlọ́po méjì. Ẹni 1,000 á di 2,000. Lẹ́yìn ọdún 24 mìíràn, 2,000 á di 4,000. Ilẹ̀ abúlé náà kò ní fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lé sí i.

Ẹ mú un wá sínú ilé. Bàbá kan ní hẹ́kítà 6, ó bí ọmọ mẹ́fà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún hẹ́kítà 1. Tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá tún bí mẹ́fà, ohun tó kan ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ni pulọ́ọ̀tì méjì àbọ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò fi pulọ́ọ̀tì méjì àbọ̀ bọ́ aya àti ọmọ? Tí bàbá àgbà bá sì ti ta hẹ́kítà 3 nínú mẹ́fà yẹn láti fi ṣe òkú, ọmọ-ọmọ yẹn kò ní rí ju pulọ́ọ̀tì kan àti díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bá wa sọ ní ilé ìwòsàn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ọ̀rọ̀ oko ni.

Àmì rẹ̀ ti wà lójú ilẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méje sí mẹ́wàá kó lè sinmi. Lónìí, ọ̀pọ̀ wa kì í fi í sílẹ̀ ju ọdún méjì lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi í sílẹ̀ rárá. Èèsún àti ẹ̀kan ló wá gba oko. Ilẹ̀ kò burú. Kò rí àyè mí ni.

ÌLÚ TÓ Ń PỌ̀ GBỌ́DỌ̀ JẸUN

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá tó dùn. Gbogbo àwọn èèyàn tó kún Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, wọn kò gbin ẹ̀gẹ́ sórí bíríkì. Gàrí, làfún, ẹ̀gúsí, ata, tòmátì, ilá àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ, láti oko irú tiwa ló ń lọ. Èyí ni a fi ń sọ pé: oúnjẹ ni kí ẹ máa tà fún ìlú, ẹ má fi ilẹ̀ tó ń mú oúnjẹ jáde ṣe ọjà. Ẹni tó ta ẹyin, adìyẹ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti ìta wá. Ní ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọjà oúnjẹ ńlá kan sí Kétu-Èrèyún lágbègbè Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ibi ìkó-irè-pamọ́. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ yùríà lọ́dún. Tí a bá dì í sínú àpò oníkílò 50, àpò mílíọ̀nù 60 nìyẹn. Àwọn tó fi oko sílẹ̀ fún un kò lè gbin nǹkan mọ́ níbẹ̀. Ó kù sí ọwọ́ àwa tó ṣì ní oko láti lo ohun tó ń jáde níbẹ̀ dáadáa.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE LỌ́DÚN YÌÍ

1. Ẹ rìn yí ààlà yín ká. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹni tí ẹ jọ pààlà sì wà níbẹ̀. Ibi tí igi ààlà bá ti kú, ẹ gbin pèrègún síbẹ̀ lójú ẹni méjèèjì. Àwọn bàbá wa mọ ìdí tí wọ́n fi yan pèrègún: kì í tètè kú, iná igbó kì í sì í pa á run bọ̀rọ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹbí wọn ilẹ̀ náà. Ẹ dá owó jọ, ẹ pe sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Owó rẹ̀ lè dà bíi pé ó pọ̀ fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò pọ̀ jù fún ẹbí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín lè bá yín mọ bí oko ṣe tóbi tó, kò sì burú kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó, ṣùgbọ́n kò lè dúró bí ẹ̀rí ní kóòtù.

3. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹ má yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ni ọmọ, ó ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá sì fò lónìí ló máa pe ẹjọ́ lọ́la.

4. Ẹ ní ìwé igi. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ iye kajú, ọ̀pẹ, máńgòrò, ọsàn àti igi gẹdú tó wà lóko yín sí i, àti ọdún tí ẹ gbìn wọ́n. Ẹ máa fi kún un lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà gba oko yín kọjá, ìwé yìí àti igi tó dúró ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

5. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ ẹbí tà. Tí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò dúró lójú òfin. Tí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka mọ̀, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Olùrà tó bá ń kánjú, tó ń sọ pé "ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́," ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un.

6. Ẹ yá wọn lò dípò títà. Tí ẹnì kan bá fẹ́ dá oko ńlá, ẹ lè fún un ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kó máa san owó ìlò lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Ohun tó kàn tuntun ni pé kí ó wà nínú ìwé, kí lọ́yà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ irú irè tó lè gbìn sí i. Ẹ má jẹ́ kó gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò bá sí nínú àdéhùn, nítorí ẹni tó gbin igi lè padà wá sọ pé òun ló nilẹ̀.

7. Tí títà bá di dandan, ẹ fi ọgbọ́n tà á. Ẹ bèèrè iye tí pulọ́ọ̀tì ń lọ ládùúgbò kí ẹ tó dá owó lé éékà. Ẹ má ta èyí tó súnmọ́ odò, ẹ má sì ta gbogbo rẹ̀. Kí owó rẹ̀ wọnú ohun tó máa so èso: ilé, ẹ̀rọ gàrí, ẹ̀kọ́ ọmọ. Owó tí a fi ṣe ìnáwó ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, ilẹ̀ kò sì ní padà wá.

8. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ kékeré so púpọ̀. Ẹ gbin igi ẹ̀gẹ́ tó dára bíi TME 419, ní mítà kan sí mítà kan. Igi 10,000 ni hẹ́kítà kan máa gbà. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í sábà ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ lórí hẹ́kítà kan. Igi tó dára pẹ̀lú ìtọ́jú lè mú ogún tọ́ọ̀nù wá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fi ẹ̀wà tàbí ọtíli pààrọ̀ àgbàdo, nítorí wọ́n ń dá agbára padà fún ilẹ̀. Ẹ lo ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná. Tí ẹ bá lo yùríà, ẹ má da á sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ o! Oòrùn á sọ ọ́ di atẹ́gùn, owó yín á sì bá a lọ. Ẹ wú ihò kékeré ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ sí ìdí àgbàdo, ẹ dà á síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ bò ó.

9. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé e lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ tútù, kì í sì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nǹkan bíi kílò 4 sí 5 ẹ̀gẹ́ ló ń di kílò 1 gàrí. Ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ tútù lọ sí Èkó, owó ọkọ̀ omi ló ń san. Ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ jọ ra ẹ̀rọ, ẹ jọ gbé ọjà. Owó ẹgbẹ́ yìí kan náà ló máa yọ ẹni tí àìsàn tàbí owó ilé ìwé bá ká mọ́, kó má baà jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí tà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, kò sí ẹni tó lè dá ìlú dúró kó má fẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì kò rí i dá dúró. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni àkókò. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980 kò bá wọn ní ìmúrasílẹ̀. Tiwa ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Èyí tó yẹ ká fi àkókò náà ṣe ni ká wọn ilẹ̀, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì jọ sọ ọ́ nínú ẹbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí sétí àwọn tí kò lè kà á, pàápàá níbi ìpàdé ẹbí àti ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Tí ẹ bá ní ìbéèrè lórí igi ẹ̀gẹ́, ajílẹ̀ tàbí bí ẹ ṣe lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ bá òṣìṣẹ́ Agíríìkì tó ń wá sí abúlé yín sọ̀rọ̀. Lórí ìwé ilẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun.

Oko á gbè wá o.